Mo fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ tíọ́lọ́jì, bàbá mi ní kí n jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ wá sọ̀rọ̀

Ọmọ Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi, Èkìtì kete! Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, obìnrin, Ìkẹ́rẹ́ nilé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe JAMB, èkejì ti fún mi ní àdímíṣọ̀n láti ka Accounting, àmọ́ láti SS2 ni nǹkan kan ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì dáadáa, kì í ṣe kí n kọ́ ọ sórí o, kí n mọ̀ ọ́n. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sunday school wa, ọmọ kékeré kan wá bi mí lọ́jọ́ kan pé tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló dá gbogbo nǹkan, ta ló wá dá Èṣù, mo ní kó jókòó, ká kọrin. Ojú tì mí títí mo fi délé.

Mo sọ fún bàbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò tiẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, wọ́n kàn bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní "jókòó". Wọ́n ní kò sílé tá ò ti rí dókítà tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n ládùúgbò yìí, èmi wá fẹ́ lọ máa jẹ iṣu ìkórè kiri. Ti màmá mi ni pé ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń wàásù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ tàbí tọ́mọ yín lọ, kí lẹ pàdánù, kí lẹ rí he níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn ní kí n lọ gbàdúrà sí i, mo ti ń gbà á.

Iyán Ò Sú Mi
Kí n tó dáhùn, ìjọ wo? Torí ká mọ̀ bóyá wọ́n ń san owó oṣù 😂

Ọmọ Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Áńgílíkà ni wọ́n bí wa sí. Mi ò sọ pé mo fẹ́ wọ kọ́là o, ẹ̀kọ́ ni mo ní.

Fíkà Abúlé
Àbúrò, ó ń ṣàwàdà ni àmọ́ ìbéèrè gidi ló bi ẹ́. Ìjọ tó o bá wà ló máa sọ ibi tọ́nà ẹ máa já sí, pàápàá bó o ṣe jẹ́ obìnrin. Áńgílíkà ti Nàìjíríà kì í fi obìnrin joyè àlùfáà, Kátólíìkì náà kì í ṣe é. Mẹ́tọ́díìsì ń ṣe é, Onítẹ̀bọmi náà ń ṣe é. Mi ò ní kó o sá kúrò níjọ yín o, mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n báyìí kó má jẹ́ ọdún kẹrin lo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Obìnrin kan wà tá a jọ kàwé, òun ló máa ń lé wa sẹ́yìn nínú Gíríìkì, ọjọ́ tí wọ́n wá fi wá joyè díákónì, ẹ̀yìn ló jókòó sí láàárín àwọn ìyàwó wa, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ṣe mí bákan, mi ò tíì gbàgbé ojú ẹ̀ títí dòní.

Èmi ò kánjú wọlé. Fíkà tó wà níjọ wa nígbà yẹn ló kọ́kọ́ kọ̀wé fún mi, wọ́n wá ní kí n lọ ṣe katikíìsì fún ọdún méjì ní abúlé kan lẹ́yìn Òmùò, kí bíṣọ́ọ̀bù tó pè mí fún ìntáfíù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń wọ khaki NYSC nígbà yẹn, wọ́n ń ya fọ́tò, èmi ń lu agogo ìsìn àárọ̀ fún màmá àgbà mẹ́rin àti ewúrẹ́ kan tí kì í pa ìsìn jẹ.

Ìṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìṣẹ́ kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n sọ mí di àgbà lọ́sàn-án kan òru kan. Ẹni tó bí mi lọ́mọ máa dọ̀bálẹ̀ kí n gbàdúrà fún un. Mi ò lè bá ẹgbẹ́ mi jó níbi ìgbéyàwó kí wọ́n má fi fóònù ká mi mọ́lé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gan-an ń ṣọ́ ẹnu tí mo bá ti dé, bí ẹni pé olópàá ló wọlé.

Oṣù kẹrin tí mo dé ìjọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi sí, wọ́n kan ilẹ̀kùn láago méjì òru. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan, ibà ni, kí wọ́n tó rí ọ̀kadà tó máa gbé e dé ọsibítù ó ti kú. Ìyá ẹ̀ ní kí wọ́n bá òun pe Bàbá. Èmi ni Bàbá o, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí ò tíì láya. Mo ti kọ ásáìmẹ́ǹtì tó nípọn lórí ìdí tí Ọlọ́run fi ń fàyè gba ìyà, lẹ́kúrà wa fún mi ní A. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn, mi ò rí ẹyọ gbólóhùn kan mú jáde nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ló sọ sí mi lọ́kàn, pé ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìfọhùn, ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Olùkọ́ Májẹ̀mú Láéláé wa ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kan bí ẹni ń ṣeré, tó ń nu pátákó lọ. Bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn nìyẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò gba àdúrà kankan tẹ́nì kan gbọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, tí mo bá gba abúlé yẹn kọjá, obìnrin yẹn máa ń di iṣu sẹ́yìn mọ́tò mi. Ká ní mi ò jókòó ní kíláàsì bàbá yẹn ni, mo mọ ara mi, mo máa ti wàásù fún un.

Ọmọ Aládùúrà Ẹ̀fọ̀n
Ẹ ṣeun sà, àmọ́ gbogbo sẹ́mínárì yìí, kí ló wà fún? Nílẹ̀ Èkìtì tiwa níbí, Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá tá a sin sí Ẹ̀fọ̀n ní 1959, sẹ́mínárì wo ni wọ́n lọ? Katapílà tí ń tẹ ọ̀nà ni wọ́n ń wà tí Olúwa fi pè wọ́n ní 1928. Apẹja ni Pétérù. Ẹ̀mí Mímọ́ ò béèrè JAMB.

Tíṣà Ọ̀tùn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ìtàn ọ̀hún parí. Ìkejì-Arákejì tí wọ́n ti pe Bàbá yẹn gan-an ni ìjọ wọn kọ́ fáṣítì sí, orúkọ wọn ló ń jẹ́. Pọ́ọ̀lù náà, ẹsẹ̀ Gàmálíẹ́lì ló ti kàwé, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Àjàyí Crowther tó sì fún wa ní Bíbélì tí ẹ̀ ń gbé lọ sórí òkè, wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ní 1827 ó ti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ẹ ò rí i pé Àjàyí ò fi Ẹ̀mí nìkan túmọ̀ Hébérù.

Ọmọ Aládùúrà Ẹ̀fọ̀n
Mo gbọ́. Kó ṣáà gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó lọ ra fọ́ọ̀mù.

Tíṣà Ọ̀tùn
Ìyẹn ò sí níbi ìjà.

Àbúrò, ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tèmi rèé o: béèrè irú ìwé tí wọ́n máa fún ẹ, kó o sì béèrè ta ló ń buwọ́ lù ú. Sẹ́mínárì míì wà tó so mọ́ fáṣítì, bí Immanuel ní Sámọ́ńdà àti Saints Peter and Paul ní Bódìjà ṣe so mọ́ ti Ìbàdàn, tí dígírì tó o bá gbà níbẹ̀ á fi wúlò níbikíbi. Òmíràn wà tó jẹ́ inú ìjọ tó ni ín nìkan ni sátífíkéètì ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kò burú o, tó bá jẹ́ ibẹ̀ lo fẹ́ sìn sí. Èyí tó burú ni èyí tí wọ́n ń lẹ pósítà ẹ̀ mọ́ òpó iná, dígírì lóṣù mẹ́sàn-án. Mo lọ sí irú ẹ̀ kan, mi ò ní dárúkọ, mo wọ gáùn, mo wọ fìlà onígun mẹ́rin, ìyá mi pa adìẹ. Mo wá gbé ìwé ọ̀hún lọ sí ibi tí mo ti ń wáṣẹ́, akọ̀wé tó gbà á wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi bo kọ́ọ̀bù tíì ẹ̀ kí eṣinṣin má kó sí i. Àfi ìgbà tí mo padà lọ ṣe NCE, mo wá lọ ka Religious Studies ní EKSU, kí n tó di ẹni tó ń kọ́ CRS ní girama lónìí. Ọdún mẹ́rin ni mo pàdánù sí pósítà.

Kó o sì máa ka ọjọ́ orí ẹ pẹ̀lú o, torí ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó jáde, NYSC ò ní mú un, ìwé exemption ni wọ́n máa fún un. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà sha.

Iyán Ò Sú Mi
"Ó fi bo kọ́ọ̀bù tíì" mo kú o 😂😂

Ọdún Mẹ́fà
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Kátólíìkì lèmi. Tiwa ò sí kánjúkánjú níbẹ̀: ọdún kan tí wọ́n á fi tún ẹ̀mí ẹ ṣe, ọdún mẹ́ta mẹ́rin fún filọ́sọ́fì, wọ́n á rán ẹ lọ sí ìjọ kan kí wọ́n fi wò ó bóyá o lè bá èèyàn gbé, kó o tó wá ka tíọ́lọ́jì fún ọdún mẹ́rin. Ẹ tún wá fi ti sẹ́mínárì kékeré kún un, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wọ ìyẹn. Ọdún kẹfà ní sẹ́mínárì ńlá ni mo kúrò. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Mo wo ara mi, mo rí i pé mi ò lè dá gbé títí ayé, mo sì lọ sọ fún wọn kí n má baà tan Ọlọ́run àtọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Èmi kọ́ ló pàdánù jù o, ìyá mi ni. Ìyá Fádà ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Wọ́n ti ń dá àjọ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ oyè tó ṣì ku ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo gbé báàgì dé, wọn ò bú mi, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọn ò sì lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó o bá ń lọ, àbúrò, sọ fáwọn ará ilé ẹ pé kí wọ́n má tíì gba oyè kankan lórí ẹ.

Nǹkan kan tún wà tí wọn kì í sọ fọ́mọ tó ń lọ. Wọ́n máa mi ìgbàgbọ́ ẹ o. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ tíọ́lọ́jì, lẹ́kúrà kan ní ká ṣí Máàkù orí kẹrìndínlógún, ó ní ẹsẹ 9 dé 20 ò sí nínú Sinaiticus, kò sí nínú Vaticanus, àwọn ìwé àfọwọ́kọ méjì tí wọ́n pẹ́ jù tó ní odidi Máàkù nínú. Ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ tó ní a ó máa gbé ejò lọ́wọ́ nìyẹn, ẹsẹ tí bàbá àgbà mi fi ń lé ẹ̀mí burúkú! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò lè gbàdúrà, mo kàn ń kúnlẹ̀ bíi gbogbo èèyàn kí wọ́n má baà bi mí. Mo wá lọ bá Fádà àgbà kan, mo tú gbogbo ẹ̀ síta. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ní ṣé mo rò pé èmi lẹni àkọ́kọ́ tó ka àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé ni, ó yá, kí n lọ jẹun. Mo lọ jẹun lóòótọ́. Kò parí lọ́jọ́ yẹn o, àmọ́ mo rí i pé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n fún ogójì ọdún ṣì ń dìde gbàdúrà láago márùn-ún.

Bùlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe tà báyìí, ọ̀nà Ìwòrókò. Àwọn èèyàn máa ń káàánú mi pé gbogbo ìwé yẹn gbé. Kò gbé. Wo ìbéèrè ọmọ Sunday school ẹ yẹn. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara ẹ pé Èṣù wo ló ń sọ. Nínú Hébérù, "sátánì" kò ju alátakò lọ, ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni. Ti Gíríìkì, "diabolos", abanijẹ́ ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún wa nílò orúkọ, wọ́n wo ilẹ̀ wa, wọ́n mú Èṣù, ẹni tó jẹ́ pé lójú àwọn bàbá wa, ìránṣẹ́ Olódùmarè ni, òun ló ń gbé ẹbọ lọ, kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run rárá. Bọ́lájí Ìdòwú ti ṣàlàyé ẹ̀ tipẹ́, òun náà sì rèé, òun ló wá di olórí Mẹ́tọ́díìsì ní 1972, ẹnikẹ́ni ò lè pè é ní abọ̀rìṣà. Nítorí náà ìbéèrè méjì lọmọ yẹn bi ẹ́ pọ̀.

Kó o tún gbọ́ èyí: "àdúrà", "àlùfáà", "wòlíì", "wàásù", kò sí ìkankan níbẹ̀ tí kò ti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí wá, Lárúbáwá ni gbogbo wọn. Àwọn tó gbé Jésù wá bá àwọn ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wa. Ìyá bàbá mi, Alhaja ni wọ́n. Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ wá dá a padà." Irú nǹkan báyìí, tí mo bá ń po sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń rò ó, ọjọ́ á sì lọ.

Ọmọ Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ lọ wá ọmọ yẹn ká lọ́jọ́ Sunday.

Ìyàwó Pásítọ̀ Ìkọ̀lé
Àwọn ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó dá ìyá ẹ lóhùn. Ta ló máa fẹ́ ẹ? Ọmọ mi, jẹ́ n sọ tèmi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo lọ, sẹ́mínárì àwa Onítẹ̀bọmi tó ti wà láti 1898, orin ìjọ ni mo kà. Ẹni tí mò ń fẹ́ nígbà yẹn, ẹnjiníà, ó ní òun ò lè fẹ́ ẹni tó máa máa wàásù fún òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ. Mo fi odidi sẹ́mẹ́sítà kan sunkún, mi ò purọ́ fún ẹ. Ẹni tó wá fẹ́ mi, ẹ̀yìn mi ló máa ń jókòó sí níbi ìdánwò, ó ń jí iṣẹ́ mi wò, mo máa ń rán an létí tó bá ti fẹ́ gbéra ga lórí pẹpẹ.

Torí náà ọkọ máa wá. Èyí tó yẹ kí ìyá ẹ béèrè ni ibi tẹ́ ẹ máa gbé. Ilé mẹ́fà la ti gbé lọ́dún mẹ́rìnlá, tíransífà ni ṣáá, àkọ́bí mi lo ilé ìwé mẹ́ta kó tó parí pírámárì, tó bá ti rí bàbá ẹ̀ tó ń ka lẹ́tà báyìí, ó ti ń wá àpótí ìwé ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Mummy", àwọn tó jù mí lọ ń sọ ohun tí ọkọ wọn ṣe fún wọn létí mi, mi ò tíì bí ọmọ kan. Ìjọ kan fún wa níṣu lọ́jọ́ ìkórè, ó lé lọ́gbọ̀n, kò sì sí owó bẹntiróòlù nínú ilé. A jẹ iyán, a jẹ iyán, iyán sú ọmọ Èkìtì!

Iyán Ò Sú Mi
Mummy ẹ má pè mí síbẹ̀ yẹn o.

Ìyàwó Pásítọ̀ Ìkọ̀lé
Ìwọ ni mò ń bá wí 😂 Ọmọ mi, kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kó o tó lọ tàbí tó o bá wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù ń pa àgọ́. Èmi ń rán aṣọ kúáyà, òun ló san owó ilé ìwé àkọ́bí mi, kì í ṣe owó oṣù pásítọ̀. Obìnrin tó bá lówó tiẹ̀ lọ́wọ́, ìjọ kì í lè fi iṣu dẹ́rù bà á.

Ayọ̀ tó wà níbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ìjọ kan bí wọ́n ṣe ń ka nóòtì orin, ọ̀kan nínú wọn ló ń ta dùùrù níbẹ̀ báyìí. Abúlé ni o. Jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀.

Bàbá Ìbejì Adó
Bàbá ẹ ni mo fẹ́ gbèjà. Èmi náà ti jókòó sórí àga yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ló wá bá mi pé òun ń lọ, mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù márùn-ún. Ẹ̀yin ọmọ máa ń rò pé ìtìjú ló ń ṣe wá. Ẹ̀rù ni. Ẹni tó fi chalk jẹun láti kékeré dé ogbó, tó tún ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀, ó mọ bí ìṣẹ́ olówó oṣù ṣe rí, kò fẹ́ kọ́mọ òun tún lọ wọ èyí tó burú jù ú lọ.

Má fi ìran lílá lọ bá a. Bébà ni kó o mú lọ. Kọ iye ọdún tó máa gbà sí i, iye owó, ta ló máa san án, dígírì ta ni, kó o kọ ibi tó o lè ti ṣiṣẹ́: tíṣà CRS, olùkọ́ fáṣítì tó o bá ka ìwé síwájú, ìtumọ̀ Bíbélì, ìgbaninímọ̀ràn, chaplain ilé ìwé tàbí ti ọsibítù níbi tí ìjọ ẹ bá ti gbà fún obìnrin. Nọ́ḿbà ni tíṣà gbọ́. Èmi náà, bébà lọmọ mi fi mú mi.

Ọmọ Tíṣà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣe bébà yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Friday mo gbé e fún wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n fi pẹ́ǹ pupa tún sípẹ́lì mi kan ṣe, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ti ń dìde lọ ni mo kàn ní "Daddy, ẹ ṣáà mọ̀ pé Lárúbáwá ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ àlùfáà." Wọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti àdúrà, àti wòlíì. Wọ́n wọ awò ojú wọn padà, wọ́n lọ gbé díkíṣọ́nárì wọn àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tún gbé Bíbélì, a wà lórí ẹ̀ títí wọ́n fi mú iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Màmá mi pariwo pé ká wá sùn. Nígbà tí mo fẹ́ dìde wọ́n tún ní "jókòó", àmọ́ torí wọn ò tíì dé ọ̀rọ̀ Èṣù ni.

Wọn ò tíì gbà o. Àárọ̀ yìí ni wọ́n ń fọ ẹnu lọ́wọ́ tí wọ́n bi mí pé eélòó ni fọ́ọ̀mù. Mo kọ iye owó ilé ìwé sínú bébà, mi ò kọ ti fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ará, eélòó ni?